Ìwọ̀n ara àgbàlagbà: ẹ má tíì yìn wọ́n pé wọ́n fúyẹ́

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, tó ti ń ta àdìrẹ láti ìgbà tí mi ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nígbà tí a pàdé níbi ìnáwó kan ní Ìbarà lọ́dún tó kọjá, gbogbo ẹni tó wá kí i ló ń yìn ín: “Màmá, ẹ mà ti fúyẹ́ o! Ẹ ti padà di ọmọge!” Èmi náà bá wọn yìn ín. Ìgbà tí mo jókòó tì í nídìí tábìlì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí òrùka ọwọ́ rẹ̀. Ó ti fi òwú dúdú wé ìsàlẹ̀ òrùka náà, ó wé e lé ara wọn títí ó fi ki, kí òrùka má baà bọ́ sínú omi tó fi ń fọ àdìrẹ.

Mo ní, “Màmá, òwú kí lẹ wé mọ́ òrùka?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, láti ìgbà Iléyá ló ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi.”

Ó bu òkèlè mẹ́ta nínú àmàlà iwájú rẹ̀, ó sì ti abọ́ sẹ́yìn. Ẹran inú ọbẹ̀ wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé e wá.

Nítorí òrùka yẹn ni mo ṣe ń kọ eléyìí. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara ti gba ìgboro Abẹ́òkúta kan báyìí. Wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò, wọ́n ń fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àwọn ọmọ tó wà lókè òkun sì ń pe ìyá wọn lálaalẹ́ pé kí wọ́n dín oúnjẹ kù. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá sanra jù ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ìrora orúnkún sún mọ́ ara rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìmọ̀ràn tó tọ́ sí ẹni ogójì ọdún là ń gbé fún ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, láì yí nǹkan kan nínú rẹ̀ padà. Rírù tó jẹ́ ìdùnnú fún ọmọ lè jẹ́ àmì àìsàn lára ìyá tó bí i.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń kọ sínú káàdì wa, èyí tí wọ́n ń pè ní BMI. Wọ́n á gbé èèyàn sórí ìwọ̀n láti mọ kílò rẹ̀, wọ́n á wọn gíga rẹ̀ ní mítà, wọ́n á sọ gíga yẹn di ìlọ́po ara rẹ̀, wọ́n á wá fi pín kílò náà. Ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kan tó ń jẹ́ Adolphe Quetelet ló gbé ìṣirò yìí kalẹ̀ láàárín ọdún 1830 sí 1840, ìyẹn ìgbà tí àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ. Onímọ̀ ìṣirò ni, kì í ṣe oníṣègùn. Ọdún 1972 ni Ancel Keys tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà sọ ọ́ ní orúkọ tí à ń pè é lónìí. Ní ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó 18.5 ti rù jù, láti 18.5 dé 24.9 dára, láti 25 ti ń sanra jù, ẹni tó bá dé 30 ti di ẹni tí ọ̀rá ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Ìlànà àgbàlagbà lápapọ̀ nìyẹn, ọmọ ogún ọdún àti ìyá ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń lò ó.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí gíga èèyàn kì í dúró sójú kan. Bí a ṣe ń kọjá ogójì ọdún là ń kúrú díẹ̀díẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà kan láàárín ọdún mẹ́wàá, ó sì máa ń yára jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn àádọ́rin. Àwọn nǹkan rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn á gbẹ, eegun fúnra rẹ̀ á fúyẹ́, ẹ̀yìn á sì tẹ̀. Ẹ wo ìyá kan tó wọn kílò 68, tó ga tó mítà 1.65 nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. BMI rẹ̀ jẹ́ 25. Nígbà tó fi máa pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ó ti kúrú di 1.60, kílò rẹ̀ kò sì yí padà rárá. BMI rẹ̀ ti di 26.6. Kò jẹ oúnjẹ kankan kún ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ káàdì rẹ̀ ń sọ pé ó ń sanra sí i. Bí nọ́ọ̀sì bá sì kàn bi í léèrè pé “Màmá, báwo lẹ ṣe ga tó?”, tó kọ gíga ìgbà ọmọge rẹ̀ sílẹ̀ láì wọ̀n ọ́n, ìṣirò náà ti yẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wọ̀n yín. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ púpọ̀ lè na apá rẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n wọn ibi tí ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí èkejì parí sí. Ó máa ń sún mọ́ gíga tí èèyàn ní kó tó tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì jù ìyẹn lọ. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ kan kó ìwádìí 32 pọ̀, àwọn èèyàn tó wà nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbàá lọ́nà ọgọ́rùn-ún, gbogbo wọn ló ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n rí yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ wa rò. Àwọn tí káàdì ń pè ní “ó ti ń sanra jù”, ìyẹn 25 sí 29, kì í tètè kú ju àwọn yòókù. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ 23 ni ewu ń bá: bí nọ́ńbà wọn ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ewu ikú ń pọ̀ sí i, ẹni tó wà ní 20 sì fi ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún wà nínú ewu ju ẹni tó wà ní 23. Lápá òkè, ìgbà tó kọjá 33 ni ewu ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo mọ ohun tí ẹlòmíì máa sọ: ṣé kì í ṣe àìsàn tó ti wà lára àwọn tó rù tẹ́lẹ̀ ló pa wọ́n? Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan, ìwádìí irú èyí kò sì lè yanjú rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ́ wa kò ṣeé gbójú fò. Ẹni àádọ́rin ọdún tí BMI rẹ̀ jẹ́ 27, tó ń rìn, tó ń jẹun, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà níwọ̀n, kò gbọ́dọ̀ torí nọ́ńbà yẹn nìkan bẹ̀rẹ̀ sí í febi pa ara rẹ̀.

Kí ló fà á tí ẹran ara díẹ̀ fi ń ran àgbà lọ́wọ́? Ẹ rántí bí ó ṣe máa ń rí tí ibà bá dá arúgbó dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò lè jẹun, ara á sì máa jẹ ohun tó ti fi pamọ́. Ẹni tó ní nǹkan nílẹ̀ á dìde. Ẹni tí kò ní, ara rẹ̀ á máa jẹ iṣan tó fi ń rìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí arúgbó bá ṣubú: ẹran tó bo ìdí àti ìbàdí máa ń gba ìjà díẹ̀ kó tó kan eegun.

Nígbà tí mo sọ iṣan, mi ò sọ̀rọ̀ ọ̀rá o. Nǹkan méjì tó yàtọ̀ síra ni wọ́n, ìwọ̀n kò sì mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni iṣan ti ń dín kù lára wa, ìdá 3 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì máa ń yá kánkán lẹ́yìn ọgọ́ta. Ọ̀rá á máa gba àyè tí iṣan fi sílẹ̀. Nítorí náà, bàbá kan lè wọn kílò 75 ní àádọ́ta ọdún, kó tún wọn kílò 75 ní àádọ́rin, kó máa yangàn pé ara òun kò yí padà, nígbà tó sì jẹ́ pé itan rẹ̀ ti di igi, ikùn rẹ̀ ti yọ síwájú. Àwa tó ń wò ó mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ń mọ̀ ọ́n nígbà tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Marúwá ní Pànṣẹ́kẹ́ tó ń wá ohun tó máa dì mú.

Ohun tó wù mí kí gbogbo ilé tó ní àgbà ní ni téèpù télọ̀. Ẹ fi wọn ibi tó ki jù lẹ́yìn ojúgun, nígbà tí màmá tàbí bàbá bá jókòó tí ẹsẹ̀ wọn fi pẹrẹsẹ tẹ ilẹ̀. Bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 31, ìyẹn ínṣì 12 ó lé díẹ̀, iṣan ti ń tán nìyẹn, oúnjẹ kò sì tó. Ẹ tún fi téèpù yẹn kan náà wọn ìbàdí ní ọ̀gangan ìdodo. Bí ti ọkùnrin bá ju sẹ̀ǹtímítà 102 lọ, tàbí ti obìnrin ju 88 lọ, ọ̀rá inú ikùn ti pọ̀ débi tó lè ṣe ọkàn àti ṣúgà ẹ̀jẹ̀ níjàǹbá, ohun yòówù tí BMI ì báà sọ. Ọ̀rá ikùn kì í ṣe àmì ìgbádùn bí a ṣe máa ń pè é. Ìdánwò kẹta kò gba téèpù: kí wọ́n jókòó sórí àga tó le, kí wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí wọ́n dìde dúró kí wọ́n sì jókòó lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bó bá gbà wọ́n ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, agbára ẹsẹ̀ ti dín kù. Kí ẹnì kan dúró tì wọ́n o.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí rírù, nítorí òun ni mo rí i pé a kì í kà sí. Àgbà tó bá fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ rù láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, tí kò sì pinnu láti rù, ó yẹ kí dókítà rí i. Fún ẹni kílò 60, kílò 3 péré nìyẹn. Kò pọ̀ lójú. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló lè pọ̀: àtọ̀gbẹ tí a kò tíì mọ̀ sí, ikọ́ ẹ̀gbẹ, jẹjẹrẹ, ọ̀fun tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, kíndìnrín, oògùn tó ń gba adùn oúnjẹ lẹ́nu ẹni. Ó sì lè má jẹ́ àrùn burúkú kankan. Eyín lè ti kán. Bàbá lè ti kú, kí ìyá máa dá jẹun nínú yàrá, kó máa sọ pé “kí ni mo fẹ́ tìtorí ẹnu kan dáná sí?” Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń pa ebi lára arúgbó, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà. Ìlú tó ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Àró, níbi tí oníṣègùn ọpọlọ Thomas Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó sọ ọ́ di ẹni mímọ̀ káàkiri àgbáyé ní ọdún 1954, kò yẹ kó máa ti ojú láti mú ìyá tí inú rẹ̀ bà jẹ́ lọ rí dókítà. Àìrí ilé ìwòsàn lọ kọ́ ni ti Abẹ́òkúta. Ti Ìdí-Àbá wà, ti Ìjàyè wà, ti Sacred Heart ní Láńtòrò sì ti wà láti 1895. Ohun tó ń dá wa dúró ni pé a kò ka rírù sí ohun tí èèyàn ń gbé lọ sílé ìwòsàn, àfi tó bá ti joro.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ rí dókítà. Wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n ya fọ́tò àyà. Kò sí nǹkan burúkú níbẹ̀. Nígbà tí dókítà obìnrin kan ní kó la ẹnu ni wọ́n rí i: eyín méjì lẹ́yìn lápá ọ̀tún ti fọ́, ẹyọ kan lápá òsì ń mì. Láti nǹkan bí ọdún kan ni kò ti lè fi ẹ̀yìn ẹnu jẹ nǹkan, ó sì tijú láti sọ. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà sì ti ní kó yé jẹ ẹyin àti ẹran nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ògì láàárọ̀, àmàlà díẹ̀ lálẹ́, ó parí.

A ò lè sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ fún Ẹ̀gbá ká má dárúkọ láfún. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó fi àmàlà láfún sílẹ̀, mi ò tilẹ̀ ní gbà kí wọ́n sọ fún mi. Ṣùgbọ́n gbágùúdá ni, agbára ló ń fún ni. Purotéènì tó ń mọ iṣan kéré jọjọ nínú rẹ̀. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ láti ọdún 2013 ni pé kí àgbà tó ti lé ní 65 máa jẹ purotéènì gíráàmù 1 sí 1.2 fún kílò ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, èyí tó ju ti ọ̀dọ́ lọ, nítorí ara àgbà kì í tètè lo èyí tó bá jẹ. Ẹni kílò 60 nílò gíráàmù 60 sí 72. Ẹyin kan ní bíi gíráàmù 6. Ife ẹ̀wà sísè kan lè ní 13 sí 15. Ẹja tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ní nǹkan bí 20. Bí ẹ bá ro ó pọ̀, ẹ ó rí i pé àmàlà àti ewédú pẹ̀lú ẹran kan tó rí bí ìka kò lè gbé e dé ibẹ̀. Ẹni tí dókítà ti sọ fún pé kíndìnrín rẹ̀ kò dára kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìṣirò yìí, kó béèrè tirẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ó sì níye tó ń ná ni. Ní June 2024, owó oúnjẹ ní Nàìjíríà ti fi ohun tó ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti June ọdún tó ṣáájú, ẹni tó bá sì ná ọjà Kútọ̀ tàbí Láfẹ̀ńwá nígbà náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un. Nígbà tí nǹkan bá wọ́n, purotéènì ló máa ń kọ́kọ́ kúrò nínú abọ́, inú abọ́ ìyá àgbà ló sì ti máa ń kọ́kọ́ kúrò. Ẹ ti rí i rí: wọ́n bu ọbẹ̀ fún un tẹran tẹran, ó wo ọmọ-ọmọ tó jókòó níwájú rẹ̀, ó sì fi ìka yọ ẹran náà sí i lẹ́nu. Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ti jẹ tirẹ̀ ní kíṣìnì. Ẹ dúró tì í títí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmú náà wá di ẹyin sísè kan láàárọ̀, mọ́ínmọ́ín tó rọ̀ fún ẹni tí kò léyín, gbẹ̀gìrì, ẹja tí a ti yọ eegun rẹ̀, ìyẹ̀fun sóyà tàbí mílíìkì nínú ògì. Ẹ pín in sí àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ dípò kí gbogbo rẹ̀ wà lálẹ́.

Ti àwọn tó sanra jù lóòótọ́ ńkọ́? Ẹni tó wà ní 35, tí orúnkún ń dùn, tí ṣúgà rẹ̀ ga, ó máa jàǹfààní tó bá dín kù díẹ̀. Ọ̀nà tó ń gbà dín kù ló ṣe kókó. Ní ọdún 2017, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí 160 àgbàlagbà tó sanra jù. Àwọn tó dín oúnjẹ kù tí wọ́n sì ń ṣe eré ìdárayá rù bíi ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń rìn tí wọ́n tún ń gbé nǹkan wúwo ni ara wọn le jù lọ, iṣan wọn kò sì run tó ti àwọn tó kàn ń rìn. Kò dìgbà tí ẹ bá wá ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbé irin. Dídìde lórí àga lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, gbígbé ike omi líta kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan sókè sódò, rírìn láti Ṣápọ́n dé Ìtòkú nígbà tí oòrùn kò tíì mú, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹni tó ti lé ní 65 máa rìn tó ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, kó máa ṣe èyí tó ń mú iṣan le ní ọjọ́ méjì ó kéré tán, kó sì máa ṣe èyí tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró ṣinṣin ní ọjọ́ mẹ́ta.

Tíì tí wọ́n ń tà pé ó ń fọ ikùn mọ́, tó ń sọ àgbà di aláìkúrò-ní-ṣáláńgá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Omi ló ń fà jáde, kì í ṣe ọ̀rá. Ìwọ̀n á lọ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀ lè tibẹ̀ ṣubú ní balùwẹ̀.

Kílò tó gòkè lójijì náà kì í ṣe sísanra. Bí bàbá bá fi kílò 2 wúwo sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ tẹ àtàǹpàkò mọ́ kókósẹ̀ rẹ̀. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn tí kò tètè padà, omi ló dúró sára, ó lè jẹ́ ọkàn tàbí kíndìnrín. Ẹ má dúró de ọjọ́ kejì, pàápàá tí èémí rẹ̀ bá ń gbọ̀n.

Ní ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi báyìí, ìwé àkọsílẹ̀ kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, kó tó jẹun àárọ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ á gbé ìwọ̀n sórí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú, torí ìwọ̀n kì í sọ òótọ́ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ìyá á sì gun un láì wọ bàtà, ìró fúyẹ́fúyẹ́ kan náà ló máa ń ró. Ọmọ náà á kọ kílò, á fi téèpù wọn ẹsẹ̀, á ka iye àáyá tó fi dìde lórí àga. Ìyá ti tún eyín ṣe, ó sì ti padà sí ẹyin rẹ̀ lẹ́yìn tí dókítà ní kò sí ohun tó ní kó má jẹ ẹ́. Láàárín oṣù márùn-ún, ó ti gba kílò 2 padà. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó ń na àdìrẹ sórí okùn. Òwú ṣì wà lára òrùka, àmọ́ kò ki tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.